Ẹ̀gbọ́n, báwo la ṣe máa dé Oníkan láti Ìkòròdú lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù?

Àbúrò kan tó ń gbé Ìgbógbó ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò jẹ́ kí n rímú mí nílé mọ́, ó ní dandan òun fẹ́ fojú òun rí Ikorodu City lórí pápá. Bàbá mi tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún gbọ́, wọ́n ní àwọn náà ń lọ, pé láti ìgbà tí àwọn ti wo fáínà Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà 1980 ní Súrùlérè, tẹlifíṣọ̀n nìkan làwọn ń wò. Sunday ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àna mi kan náà máa wá bá wa níbẹ̀ láti Àgbádárìgì. Mo ní Corolla kan tó ti darúgbó. Ṣé kí n wa mọ́tò ni, àbí ká wọ ọkọ̀ ojú omi, àbí BRT? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye."

Àbúrò, BRT ni, bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ojú ọ̀nà tiẹ̀. Mo ti dáhùn yẹn, ṣùgbọ́n má tíì dìde, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló wọ BRT lọ tí wọ́n sì tún jìyà. Mo ti wa dánfó lọ́nà yẹn, mo ti wa bọ́ọ̀sì ńlá níbẹ̀ kí orúnkún tó ní kí n lọ jókòó, mo sì ń lọ wo bọ́ọ̀lù títí dòní, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò ka á níbì kankan.

Àkọ́kọ́ ná, jọ̀ọ́, má pe ibi tó ò ń lọ ní "Stadium" fẹ́nikẹ́ni lọ́nà. Lọ́nà Ìkòròdú sí Èkó, Stadium kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lẹ́nu dẹ́rẹ́bà, orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù ni, Súrùlérè ló wà, níwájú National Stadium. Tó o bá ní "ẹ já wa sílẹ̀ ní Stadium", wọ́n á já yín síbẹ̀ tọkàntọkàn. Mo já bọ̀dá kan síbẹ̀ rí, òun àti ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ méjì, gbogbo wọn wọ jẹ́sì, inú wọn ń dùn, mi ò mọ̀ pé Oníkan ni wọ́n ń lọ, àfìgbà tí mo ń padà bọ̀ tí mo rí wọn tí wọ́n ṣì dúró níwájú géètì tí wọ́n ti tì pa, tí wọ́n ń wò ó bí ẹni tó wá gba gbèsè lọ́wọ́ ẹni tó ti kó kúrò nílé. Bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ ní Oníkan nígbà yẹn. "TBS" ni kó o máa pè é, ìyẹn Tafawa Balewa Square, tẹ́míná tó wà nítòsí pápá Oníkan. TBS, kò sí míràn.

Bó ṣe jẹ́ pé Ìkòròdú lorúkọ ẹgbẹ́ náà tí ilé wọn sì wà ní Èkó, èmi náà ti bínú ẹ̀ tán. Wọ́n gòkè wọ líìgì ńlá ní 2024, inú gbogbo wa dùn, àfi bí wọ́n ṣe ní Mobolaji Johnson Arena ní Oníkan ni wọn yóò ti máa gbàlejò. Ẹni tó ń gbé Oníkan á fẹsẹ̀ rìn lọ wo ẹgbẹ́ Ìkòròdú, ará Ìkòròdú á wọ bọ́ọ̀sì wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.

Ohun kejì ni mo fẹ́ kó o di mú jù. Kò sẹ́ni tí àlọ ń pa. Àlọ rọrùn, ojú mọ́lẹ̀, ara yá, ọmọ ń kọrin. Àbọ̀ ni iṣẹ́. Bọ́ọ̀lù aago mẹ́rin, tó o bá fi ìsinmi ìṣẹ́jú 15 kún ìṣẹ́jú 90, tó o tún fi èyí tí rẹfirí máa fi lé e kún un, ó ti ń lọ sí aago mẹ́fà nígbà tẹ́ ẹ máa fi jáde, ilẹ̀ ò ní pẹ́ ṣú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo wọn ń wá ọkọ̀. Pápá yẹn ń gba nǹkan bí 10,000 èèyàn tó bá kún. Nítorí náà, kọ́kọ́ mọ ohun tó máa gbé yín padà wálé, lẹ́yìn ìyẹn lo máa mọ ohun tó máa gbé yín lọ. Ìdí tí mo fi sọ pé BRT nìyẹn, torí òun nìkan ló ń lọ tó sì tún ń bọ̀ láìyà kúrò lójú ọ̀nà kan náà, tí Bàbá ò sì ní máa fò látinú ọkọ̀ kan sí òmíràn ní Mile 12 lóru.

Tóò, bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Kòròpẹ́ tàbí márúwá á gbé yín láti Ìgbógbó dé Gáréèjì Ìkòròdú. Ibẹ̀ gan-an, ní tẹ́míná, ni kẹ́ ẹ ti wọ bọ́ọ̀sì o, ẹ má sọ pé ẹ máa lọ wọ̀ ọ́ ní Àgùríìkì tàbí Ògólóńtò torí pé ọ̀rẹ́ kan ló fi mọ́tò já yín síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n na ọ̀nà BRT láti Mile 12 wá sí Ìkòròdú ní 2015, àárín títì ni wọ́n gbé e gbà, kó o tó dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí lójú ọ̀nà, o gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀ kó o sì tún sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ àti ọmọ lè sáré gùn ún. Bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún wọn á rántí àtẹ̀gùn yẹn títí di Thursday. Ní tẹ́míná, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni.

Ìlà méjì lo máa bá níbẹ̀, èyí ni àwọn àlejò kì í mọ̀. Ìlà kan wà fún àwọn tó fẹ́ jókòó, òmíràn wà fún àwọn tó gbà láti dúró. Ìlà ìdúró máa ń yára, ó máa ń wù èèyàn bó ṣe ń rìn, má jẹ́ kó tàn ẹ́. Ẹ tò sí ìlà ìjókòó, bọ́ọ̀sì kan tó bá kún lójú yín ẹ jẹ́ ó lọ, òmíràn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Sunday ni, bọ́ọ̀sì kì í pọ̀ tó ti àárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti wà lórí ìlà yẹn nígbà tó bá fi máa di aago méjìlá ọ̀sán, kí àwọn tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ya dé. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síwájú bọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó gòkè, torí kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀sì tó kúrò ní Ìkòròdú ló ń dé TBS, àwọn kan ń parí sí Fádéyí.

Káàdì Cowry lẹ máa fi sanwó, kò sí kóo káwó fún kọ́ńdọ́. Ẹ má fi ẹyọ kan ṣe é fún ẹni mẹ́ta, kí kálukú ní tiẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi owó àlọ àti àbọ̀ sí i ní Ìkòròdú, kó tó di pé ẹ kúrò. Gbọ́ mi dáadáa níbí yìí: owó àbọ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tó ń bẹ èèyàn ní TBS lálẹ́ pé kí wọ́n bá òun fi káàdì wọn tẹ̀ ẹ́, owó wà lápò ẹ̀ o, ìlà àwọn tó ń fowó sí káàdì ló gùn ju ìlà bọ́ọ̀sì lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ojú ń ti àwọn ọmọ láti sọ. Ìtọ̀. Láti Ìkòròdú dé TBS, bí ọ̀nà bá dáa lọ́jọ́ Sunday, ó tó wákàtí kan àtààbọ̀, kò sì sí ibi tí dẹ́rẹ́bà máa dúró sí fún Bàbá láàárín Kétu àti Kọ́stéènì. Mo mọ̀ torí èmi ni mo máa ń jókòó síwájú tí àgbàlagbà á wá fọwọ́ kàn mí léjìká jẹ́jẹ́, "dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́", tí mi ò sì lè ṣe nǹkan kan. Kí Bàbá mu tíì wọn láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n má tún mu omi púpọ̀ títí ẹ fi máa débẹ̀, kí wọ́n sì lọ tọ̀ ní tẹ́míná bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kò gbọn àwọn. Wọ́n á ní kò gbọn àwọn. Ṣá mú wọn lọ.

Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Mi ò kórìíra ẹ̀ o, òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ohun tó dùn tó o láàárọ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ ní Ìpakodò, ẹ sọ̀ ní ẹ̀bá Márínà ní CMS, ẹ ò rí sún-kẹẹrẹ Kétu, ẹ ò rí Ọ̀jọ̀tá, ọmọ á máa wo Third Mainland láti ìsàlẹ̀. Ẹlòmíràn á ní kí ló dé tẹ́ ò wọ̀ ọ́ ní Bàyékù tó wà nítòsí yín, ọ̀dọ̀ àwọn ará Àjáh nìyẹn ń gbé èèyàn lọ ní tiẹ̀, kò lè bá yín dé Oníkan. Ìṣòro ọkọ̀ omi ni àbọ̀, mo ti sọ ọ́. Wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn lórí omi lálẹ́, ìjọba ò fẹ́ ẹ, wọ́n sì jàre, torí igi tó wà lábẹ́ omi, ojú ò rí i lóru. Èmi fúnra mi ló gbé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mẹ́ta lọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, a lọ gẹ́gẹ́ bí ọba, bọ́ọ̀lù ọ̀hún ló wá di ti pẹnáríìtì, wọ́n gbá a, wọ́n tún un gbá, inú mi ń dùn, mi ò wo aago. Ìgbà tá a fi dé èbúté, ẹni tó ń gbálẹ̀ nìkan ló kù. Ó wò wá, ó wo ojú omi, ó ní "ẹ ò ṣe sùn síbí?" Ẹ̀rín ló fi ṣe é, èmi ò rẹ́rìn-ín. Aago mọ́kànlá kọjá ká tó dé Ìkòròdú, ìyá àwọn ọmọ ti dúró sí ẹnu géètì láti aago mẹ́sàn-án.

Tí ọmọ yẹn bá wá fi ẹkún bẹ̀ ẹ́ pé omi lòun fẹ́ gbà, ẹ lọ lójú omi kẹ́ ẹ bọ̀ lórí ilẹ̀, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n Sunday ni, lọ béèrè ní Ìpakodò lọ́jọ́ Saturday bóyá ọkọ̀ tó máa bọ́ sí àsìkò yín wà. Kí o sì rí i pé ẹ̀wù ìléfòó tó bá ọmọ mu wà nínú ọkọ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó wọlé, kì í ṣe ti àgbà tí wọ́n máa fi okùn so mọ́ ọn lọ́rùn bí àpò gààrí, torí bó bá ṣubú sómi, orí ọmọ náà máa yọ bọ́ọ́lẹ̀ látinú ẹ̀. Tí òjò bá ṣú, ẹ padà lọ wọ BRT, ẹ má bá ojú ọ̀run jiyàn.

Corolla yẹn, jẹ́ kó sinmi nílé. Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe títì lẹ̀rù ń bà mí, ibi tó o máa gbé e sí ni. Oníkan kéré. Pápá, National Museum, MUSON, ilé àṣà John Randle tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, gbogbo wọn ló fún mọ́ra wọn, ọjọ́ Sunday ni ìgbéyàwó àti ìpàdé sì tún máa ń wà láwọn gbọ̀ngàn yẹn. Àwọn ọmọkùnrin kan á sáré wá pàdé ẹ, "ọ̀gá, páàkì wà, mo máa bá yín ṣọ́ ọ", wọ́n á gba owó, ibi tí wọ́n sì fi hàn ẹ́, ibi tí wọ́n ti ń fa ọkọ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan sá fún ìyẹn, ó gbé tiẹ̀ sí ọgbà kan tó ní géètì, ó sanwó, ó gba ìwé, ó fọkàn balẹ̀, nígbà tá a jáde, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ti ti géètì, ó ti gba ilé ẹ̀ lọ jẹun. A jókòó sí ibẹ̀ títí aago mẹ́sàn-án lálẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi ni mo ní kó gbé e síbẹ̀.

Ọ̀kadà ńkọ́, ẹ má ronú ẹ̀, wọ́n ti fòfin dè é ní Èkó Ìsàlẹ̀ àti Súrùlérè láti 2022, wọ́n á gba ọ̀kadà, wọ́n á sì mú ẹni tó gùn ún náà.

Àna rẹ tó ń bọ̀ láti Àgbádárìgì, tiẹ̀ rọrùn ju tiyín lọ lọ́nà kan. Kó wọ ọkọ̀ dé Mile 2, kó bọ́ sínú rélùwéè Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 2023, Márínà ló ń parí sí, káàdì Cowry kan náà ló ń lò. Láti Márínà á fẹsẹ̀ rìn tàbí kó wọ ọkọ̀ kékeré dé ọ̀dọ̀ yín. Kó béèrè àsìkò ọkọ̀ tó kẹ́yìn lálẹ́ nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kó má dúró dìgbà tó bá ń padà.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa pàdé ńkọ́? Nídìí àwọn ẹṣin. Ẹni tó bá mọ TBS mọ àwọn ẹṣin funfun tó wà lẹ́nu géètì ẹ̀, tí àwọn ẹyẹ idì pupa náà wà níbẹ̀, pápá ìsáré ẹṣin ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gba òmìnira ní 1960. Kò sẹ́ni tó lè ṣì í. Fóònù máa ń ya wèrè tí èèyàn bá pọ̀ níbi bọ́ọ̀lù, ẹ ti fàdéhùn sí i pé tá a bá ya ara wa, ìdí ẹṣin. Kọ nọ́ńbà rẹ sórí ìwé kó o fi sápò ṣòkòtò ọmọ, kì í ṣe inú báàgì, báàgì máa ń sọnù. Láti tẹ́míná TBS dé pápá, ìrìn ẹsẹ̀ Bàbá gan-an kò lè tó ìṣẹ́jú 15, ẹ sáà máa béèrè Oníkan. Tí Bàbá bá ń béèrè lọ́wọ́ àgbà ẹgbẹ́ wọn, kí wọ́n ní "KGV", orúkọ ayé ìgbà òyìnbó tó wà lẹ́nu wọn nìyẹn, King George V, kó tó di Onikan Stadium, kó tó wá di Mobolaji Johnson, ológun tó kọ́kọ́ ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó láti 1967 sí 1975.

Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó wọlé, aago mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ti wà nídìí géètì. Má kó ìgò dání, wọ́n máa gbà á. Fìlà fún Bàbá, oòrùn aago mẹ́rin máa ń wojú èèyàn tààrà tẹ́ ẹ bá bọ́ sí apá tí kò dáa.

Ó wá ku àbọ̀. Bí rẹfirí bá ti fọn fèrè, Bàbá á fẹ́ dúró kí èrò dín kù, ìyẹn ni ọgbọ́n àgbà, àmọ́ ọgbọ́n àgbà kì í ṣiṣẹ́ níbi BRT. Ẹ rọra máa bọ́ sí ẹ̀yìn nígbà tó bá ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà wo ìyókù, ẹ sì kọrí sí TBS. TBS ni mo wí, ẹ má lọ sí CMS. Àwọn kan máa ní CMS lọ́kọ̀ pọ̀ jù, irọ́ ni, TBS ni bọ́ọ̀sì Ìkòròdú ti ń bẹ̀rẹ̀, á ti kún kó tó dé CMS, ìdúró nìkan ló máa kù fún àwọn tó wà níbẹ̀, mo ti fojú mi rí wọn tí wọ́n ń na ọwọ́ sí mi tí mo ń mi orí. Tí bọ́ọ̀sì Ìkòròdú bá pẹ́, ẹ fara dà á. Ẹ má wọ ọkọ̀ aládàáni kankan tó bá dúró síwájú yín tó ń pariwo "Ìkòròdú, Ìkòròdú, èèyàn méjì ló kù", mélòó nínú one chance ló máa kọ ọ́ sára mọ́tò? Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mú yín lọ sí Ọbáléńdé lọ wọ dánfó dé Kétu, ìyẹn fún ẹni tó dá wà tí ara ẹ̀ le. Pẹ̀lú ọmọdé àti àgbà, ìdúró ìṣẹ́jú 40 lórí ìlà sàn ju kẹ́ ẹ máa sáré tẹ̀lé kòròpẹ́ ní Mile 12 láago mẹ́sàn-án.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. Ọmọ obìnrin lò ń mú dání, nítorí náà wádìí lọ́dọ̀ àwọn àgbà àdúgbò bóyá ọjọ́ yẹn kò bọ́ sí ọjọ́ Orò ní Ìkòròdú. Wọ́n máa ń kéde ẹ̀ ṣáájú, ìwọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tí ìyàwó ẹ̀ ò lè yọjú síta. Tó bá jẹ́ ọjọ́ yẹn ni, ìwọ àti Bàbá nìkan lẹ máa lọ, àfi tẹ́ ẹ bá ti gbé ọmọ lọ sùn lọ́dọ̀ ẹbí ní Kétu láti alẹ́ Saturday.

Ti Bàbá gan-an ló wá wà lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ. Fáínà 1980 yẹn, Algeria la nà ní 3-0, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múda Lawal gbá ẹ̀kẹta. Ọmọdé ni mo ṣì wà, rédíò la fi gbọ́ ọ, Bàbá rẹ wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé inú bọ́ọ̀sì lálọ, fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, má jẹ́ kí ọmọ jà wọ́n níbẹ̀. Ẹ máa kọjá Mọ́ṣáláṣí, ẹ máa kọjá Barracks, tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ Stadium kó o fọwọ́ kàn wọ́n tí wọ́n bá ń tòògbé, torí àwọn òpó iná gíga yẹn ṣì wà níbẹ̀, wọ́n máa rí i. Ẹ má sọ̀ o. Lálẹ́ tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, òkùnkùn ni ibẹ̀ máa jẹ́, wọn ò ní rí nǹkan kan, nítorí náà ìgbà àlọ yẹn nìkan ni.

Lọ ra káàdì yẹn lọ́jọ́ Friday, má dúró de Sunday.